Ta Ló Ni Àárọ̀ Rẹ? Gbèsè àti Òmìnira ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Kí kòkó tó wọ igbó Ẹfọ̀n-Alààyè, Àrámọ̀kọ àti Ìjerò, ọ̀nà kan wà tí ẹni tí ìnáwó bá ká mọ́lé ń gbà rówó kíákíá: yóò fi ara rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, ṣe ìwọ̀fà. Olówó á ka owó ẹyọ fún un lójú onígbọ̀wọ́, àdéhùn á sì fìdí múlẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, àárọ̀ ìwọ̀fà ti di ti olówó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oko olówó ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò kọ ebè tí wọ́n bá kà fún un tán kó tó yà sí oko tirẹ̀, nígbà tí oòrùn ti mú, tí agbára sì ti tán lára. Wọn kò lè tà á bí ẹrú. Ó lè máa gbé ilé bàbá rẹ̀, ó lè fẹ́yàwó, kò sì pàdánù ipò rẹ̀ láàárín ẹbí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àdéhùn náà tó yẹ ká tẹjú mọ́ dáadáa: iṣẹ́ tó ń ṣe láràárọ̀ kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ náà. Bó kọ ebè fún ogún ọdún, ojú owó ṣì wà níbi tó wà. Bó bá sì kú sẹ́nu rẹ̀, ẹbí ní láti mú ẹlòmíì wá tàbí kí wọ́n san owó olówó.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú, òótọ́ sì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìwọ̀fà ló yẹ ká wò, ju ẹrú lọ, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí òmìnira jẹ́ fún wa lónìí. Ọ̀pọ̀ wa ni òfin kò dè, tí ẹnikẹ́ni kò lè tà, tí a sì ń gbé ilé ara wa, síbẹ̀ tí àárọ̀ wa kì í ṣe tiwa. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ dá dúró lórí owó, ọrọ̀ ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn: ilé alájà, ọkọ̀ olówó ńlá, owó tí a kò lè ná tán. Èrò tèmi yàtọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti ayé ogun Kírìjì títí di ayé fóònù, ohun tó pààlà sáàárín olómìnira àti ẹni tó wà nínú ìdè ni bóyá ó ti ta ọ̀la rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kò tíì tà á. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ aláìlẹ́ran, tí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó, lè kọ iṣẹ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè ní sùúrù kí ọjà wọ́n kó tó tà, ó sì lè dìbò fún ẹni tó wù ú. Ẹni tó ń fi owó olówó wa ọkọ̀ kiri, kò dá a lójú pé ó lè ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìtàn ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ lé wọn lórí. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn pawọ́ pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì ṣáájú wọn lójú ogun. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò, tí àwọn mìíràn sì jẹ́ ẹrú tó gba ìdásílẹ̀ tàbí ọmọ wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Bí kò bá sí owó náà, mi ò rò pé ìgboyà nìkan ì bá dá Ìbàdàn dúró. Wọ́n buwọ́ lu àdéhùn àlàáfíà ní 1886, àwọn ọmọ ogun tú ká níkẹyìn ní 1893. Ajẹ́lẹ̀ lọ, ìwọ̀fà kò lọ. Ogun tilẹ̀ dá kún un ni, nítorí ìdílé tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní láti wá owó ìràpadà, ẹni tó sì lówó lọ́wọ́ ni ẹni tó ń fẹ́ ọmọ mìíràn láti fi dúró. Ìlú kan lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, kí ìdajì àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ sì máa jí lọ sí oko ẹlòmíì lọ́jọ́ kejì. Àwa tí a máa ń fi Kírìjì yangàn kò gbọ́dọ̀ gbàgbé apá ibẹ̀ yẹn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lòdì sí ìwọ̀fà, pàápàá sí fífi ọmọdé dúró, ṣùgbọ́n títí di àwọn ọdún 1930 ó ṣì ń lọ ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó gba ipò rẹ̀ ni kòkó. Igi tó ń so lọ́dọọdún di ohun tí èèyàn lè fi dúró lọ́dọ̀ olówó dípò ọmọ tó bí. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni; mi ò mọ òfin kankan tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi oko dógò. Olówó á gba oko, á máa kórè rẹ̀ lọ́dọọdún, ìkórè náà sì jẹ́ èlé owó rẹ̀. Ojú owó kò dín. Ọjọ́ tí olóko bá tó san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gba igi rẹ̀ padà. Ìṣirò ìwọ̀fà náà ni, igi ló kàn ń ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe. Bí olóko kò bá sì ní oko mìíràn, kò pẹ́ tí òun náà yóò fi máa gba iṣẹ́ lábẹ́ igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Irú èyí kò tíì parí. Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí oko gan-an. Kòkó tó pọ̀ jù lọ́dún ń pọ́n láti bí oṣù Kẹsàn-án títí wọ ọyẹ́. Ìṣòro ni pé oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ṣáájú rẹ̀ ni ọwọ́ máa ń gbẹ: iṣu tuntun kò tíì pọ̀, oko nílò oògùn nítorí òjò ń mú kí kòkó rà lórí igi, owó ilé-ìwé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹni tó ń ra kòkó wá sílé nígbà náà pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Àgbẹ̀ gba owó, ó sì fi kòkó tí ó ṣì tútù lórí igi ṣe ẹ̀jẹ́. Nígbà tí àsìkò bá tó, yóò já kòkó, yóò la á, yóò kó ọmọ rẹ̀ jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, yóò sì sá a títí yóò fi máa dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lọ́wọ́. Gbogbo iṣẹ́ yìí, òun àti ìyàwó àtàwọn ọmọ ló ṣe é. Nígbà tí àpò bá wá kún, aláìjẹgbèsè á ránṣẹ́ béèrè iye tí wọ́n ń rà á ní Iléṣà, ní Àkúrẹ́, ní Adó, á sì yan ẹni tí yóò tà fún. Onígbèsè kò béèrè nǹkan kan. Ẹni tó yá a lówó ló ń gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ bọ̀, òun náà ni yóò sọ pé kòkó náà kò gbẹ tó, òun náà ni yóò pe iye rẹ̀. Ní ọdún 2024, owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní kòkó tirẹ̀ lọ́wọ́ láìsí ẹ̀jẹ́ lórí rẹ̀ ló lè gbá a mú.

Ó yẹ kí n fi kún un pé ìjọba náà ti ṣe bí olówó rí. Láti 1947 tí wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀, tó sì di ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, títí di 1986 tí wọ́n fagi lé irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ń dá iye lé kòkó, iye náà sì sábà máa ń kéré sí ti ọjà àgbáyé. Lára owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955, tí Èkìtì jèrè rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí owó orí tún gun orí ìyà, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969, lára ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni kí wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Lónìí, ìlú wa kún fún owó kómúlélántà, ẹ̀yáwó kéékèèké tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi kò ní sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń yá àwọn obìnrin lówó lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́ ló burú. Muhammad Yunus gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006 nítorí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Bangladesh, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì ti fi í gbé òwò dìde. Ìṣirò rẹ̀ ni mo fẹ́ ká ṣe papọ̀. Ká ní wọ́n yá obìnrin kan ní ₦100,000, tí yóò máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ó san ₦120,000. Yóò sọ pé ogún lórí ọgọ́rùn-ún ni èlé, kò sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń dá ojú owó padà. Bí a bá pín in dọ́gba, kò ju bí ìdajì owó náà lọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jálẹ̀ àkókò yẹn. Nítorí náà, orí nǹkan bí ₦50,000 ló ti san ₦20,000, láàárín oṣù mẹ́fà tí kò pé. Òwò wo ló wà ní ọjà Àrámọ̀kọ tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá láìtàsé? Bí kò bá sì rí owó ọ̀sẹ̀ kan san, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ni yóò san án, nítorí wọ́n jọ dúró fún ara wọn ni. Ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lánàá á wá di ẹni tó ń bá a jà. Ọ̀pọ̀ ló ń yá lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kejì láti fi san ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ti ń bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ pátápátá: gbogbo ohun tó bá tà, ti ẹni tó ń bọ̀ wá gbowó ni.

Ti áàpù ayánilówó orí fóònù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, olówó tí sùúrù rẹ̀ bá tán á rán ológò sí onígbèsè. Ológò á wọlé wẹ́rẹ́, á jókòó, á máa bú tọmọdé tàgbà, á máa pa adìẹ tó bá rí jẹ, títí ojú yóò fi ti ẹbí débi tí wọ́n á sáré wá owó. Ohun tí a rò pé ó ti bá ayé àtijọ́ lọ ló tún padà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yá owó tí kò tó ra àpò ìrẹsì. Ọjọ́ ìsanwó kọjá. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, láti orí pásítọ̀ dé orí àna rẹ̀, gba àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé olè ni. Ìwà yìí burú débi pé ní 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lọ yẹ ọ́fíìsì àwọn kan lára wọn wò ní Èkó, ó sì ṣe ìlànà tí gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi forúkọ sílẹ̀. Ní 2025 ó tún mú òfin náà le sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè lé ológò jáde kúrò nínú fóònù. Kò lè san gbèsè.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìdílé nìkan lèyí, kó rántí ìdìbò gómìnà Èkìtì ní oṣù Keje 2018. Dìbò-kóo-sebẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo èèyàn. Àwọn tó wá ṣọ́ ìdìbò ròyìn pé wọ́n ń fi owó ra ìbò nítòsí àpótí. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní ìpínlẹ̀ yìí ni ìjọba jẹ lówó oṣù bíi mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ló bú àwọn olùdìbò pé wọ́n ta ẹ̀tọ́ wọn. Èmi kò lè bú ẹni tí kò rí ọbẹ̀ sè. Ẹni tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ebi dè ni wọ́n wá ń ná ìbò rẹ̀. Bí a bá ń wá ìdí tí ìlú àwọn ọ̀mọ̀wé, ìpínlẹ̀ tó ń fi iyì ṣe orúkọ, fi lè bá ara rẹ̀ nírú ọjà bẹ́ẹ̀, inú àpò àwọn aráàlú ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ mi kò bá ọjà mu, pé láìsí àwìn kò sí òwò. Wọ́n á ní ká wo àwọn Ìjẹ̀ṣà, àwọn òṣómàálò, tí wọ́n ń ru aṣọ wọ Èkìtì àti ibi gbogbo, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó; wọ́n là, àwọn tó rà á náà sì rí aṣọ wọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi náà kò lòdì sí ẹ̀yáwó. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, nígbà tí a bá san gbèsè yìí tán, ṣé ohun tí a fi rà yóò ṣì máa mú owó wá? Igi kòkó ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, lẹ́yìn náà ó lè so fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yá owó láti gbìn ín, tó sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sáàárín rẹ̀ kí ilé lè máa rí jẹ kí kòkó tó dàgbà, yá owó ọlọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ wà bẹ́ẹ̀. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀. Fóònù tuntun tí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó sọ pé, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ọ̀wọ́ngógó ọjà ti dé 34.8 lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi náírà sínú kóló, ó ń wò ó bó ṣe ń yọ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀: àwọn kan wà tí owó wọn kéré débi pé ìmọ̀ràn ìfowópamọ́ fún wọn jẹ́ ìwà ìkà, ohun tí wọ́n nílò ni owó iṣẹ́ tó péye. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tó ń ta ata ní ẹ̀bá ọ̀nà, tó ń dá àjọ ₦500 lójúmọ́. Alájọ á wá ní ìrọ̀lẹ́, á fa ìlà sínú káàdì rẹ̀. Ní ọjọ́ 31, ó ti dá ₦15,500. Alájọ á yọ ₦500, owó ọjọ́ kan, á fún un ní ₦15,000. Ẹni tó bá fi ojú báńkì wò ó á sọ pé òmùgọ̀ ni, nítorí pé wọn kò fún un ní èlé, wọ́n tún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ń sanwó kí owó rẹ̀ lè kúrò ní àrọ́wọ́tó òun fúnra rẹ̀ àti ti gbogbo ẹni tó lè tọrọ rẹ̀ títí di ìparí oṣù. Ó mọ ohun tó ń rà. Ọ̀nà tirẹ̀ sì fi hàn pé ohun àkọ́kọ́ tí owó àfipamọ́ wà fún ni kó má jẹ́ kí a yá owó. Ọ̀rọ̀ kí owó bímọ lè wá tó bá yá.

Nítorí náà, ìwọ̀n tí mo máa dábàá kéré: oúnjẹ àti owó ìtọ́jú oṣù mẹ́ta tí ọwọ́ máa ń gbẹ. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò ní fi kòkó tútù ṣe ẹ̀jẹ́. Ọ̀wọ́ngógó kò sì dí èyí lọ́wọ́ tó bí a ṣe rò, nítorí pé a lè fi ọjà pa á mọ́ dípò náírà. Epo pupa máa ń pọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀, ṣáájú òjò ńlá. Gàrí àti èlùbọ́ ní àsìkò tí wọ́n rọjú. Àwọn obìnrin wa ti mọ èyí tipẹ́, kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn jẹ́rìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún mẹ̀kúnnù ní 2017, tí èèyàn lè fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀, tàbí ètò owó ìfẹ̀yìntì fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Èlé wọn kò ju ọ̀wọ́ngógó lọ nígbà gbogbo, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n sàn ju àwọn ètò sọ-owó-di-púpọ̀ lọ, bíi MMM tó dá owó àwọn èèyàn dúró ní oṣù Kejìlá 2016, àti CBEX tó fọ́ mọ́ àwọn èèyàn lórí ní oṣù Kẹrin 2025. Ìdí tí irú ètò sọ-owó-di-púpọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń rí èèyàn mú ni pé wọ́n ṣèlérí òmìnira láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fún ẹni tí gbèsè ti sú. Ẹni tí kò sí lójú gbèsè kì í tètè kó sí i.

Ohun tó tún wà nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Wọ́n á ní Yorùbá kì í dá dúró, èèyàn laṣọ mi. Wọ́n á ní ẹni tó bá ń ka owó rẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń sunkún ti di òyìnbó. Èmi gbà pé kò sí òmìnira fún ẹnì kan ṣoṣo. Èsúsú fúnra rẹ̀ jẹ́rìí: àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò lè gbé ẹrù kankan dání, síbẹ̀ èsúsú bá wọn dé Trinidad, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pè é ní susu títí di òní. Ní ilé wa, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí òfin 1935 fún ní ìdúró ran ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó lọ́wọ́ láti yá owó lọ́dọ̀ ara wọn dípò lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a máa fi orúkọ ẹbí ti ara wa sínú ìdè. Nígbà ayé ìwọ̀fà, ìnáwó òkú wà lára ohun tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ sóko olówó jù: bàbá àgbà kú, wọ́n sin ín tìlù tìfọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ló lọ san án. Kí ló yàtọ̀ lónìí, nígbà tí opó bá fi oko tó yẹ kó fi tọ́ ọmọ dógò kó lè ya kánópì, kó pa màlúù, kó sì dá aṣọ fún àwọn tí kò ní bi í léèrè ní oṣù tó tẹ̀lé e? Òkú kò béèrè fún un. Ẹbí tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ á sìnkú níwọ̀n owó tó wà nílẹ̀, á sì dá ohun tó kù sórí owó ilé-ìwé ọmọ olóògbé.

Ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ kí àwọn ọkùnrin gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá ti ń fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ sí àpò tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́, èyí tí obìnrin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò ní títí di àìpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n kòkó da ìyẹn rú. Ìyàwó ń ro oko ọkọ, ó ń la kòkó, ó ń ru ú, ó ń sá a, fún ogún ọdún, lórí igi tí kò sí orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọkọ bá kú, àwọn ẹbí lè pín oko náà lójú rẹ̀. Àárọ̀ obìnrin náà ti lọ bíi ti ìwọ̀fà, kò sì yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ tó bá fẹ́ kí ilé òun wà lómìnira, kó ya ìwọ̀nba igi sọ́tọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, lójú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ìwé.

Mo bẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ, ní Ẹfọ̀n, ní Òkè-Ìmẹ̀sí àti ní Ìkọ̀gòsì, àti ẹ̀yin olórí ìjọ àti lèmọ́mù, ẹ fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ìnáwó òkú kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn olówó. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ fún oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ nìkan, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè ra oògùn oko láìfi kòkó tútù ṣe ẹ̀jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé owó síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ fi iye tí ẹ máa san lọ́sẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó tẹ̀ka. Bí ẹ bá sì ní oko tí ẹ fi dógò, ẹ pe àwọn ọmọ jọ ní ìkórè yìí kí ẹ jọ wá ojú owó náà, torí ìkórè tí olówó ń kó lọ́dọọdún kò ní san án láéláé.